Wọ́n ní melancholic ni mí, choleric ni àfẹ́sọ́nà mi: ṣé a lè fẹ́ra?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 28 ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ń lọ sí kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n fún wa ní ìwé ìbéèrè kan, a dáhùn rẹ̀, ni wọ́n bá ní melancholic ni èmi, choleric ni òun. Ẹni tó ń kọ́ wa ní irú àwa méjèèjì kì í lè gbé pọ̀, pé kí a tún lọ gbàdúrà sí i. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀, torí lóòótọ́ ni ó máa ń tètè bínú. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ? Báwo ni àwọn tó kàwé nípa ìwà ẹ̀dá ṣe ń mọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́? Ṣé ìwà sì lè yí padà lẹ́yìn ìgbéyàwó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tìtorí ìwé ìbéèrè yẹn kọ ọkùnrin náà sílẹ̀, má sì tìtorí ìwé kan náà fẹ́ ẹ. Òfin pé melancholic àti choleric kì í gbé pọ̀ kò ti ọwọ́ ìwádìí wá. Ṣùgbọ́n o ju gbólóhùn kan sílẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ bí ẹni pé kò tó nǹkan, pé ó máa ń tètè bínú. Ìyẹn ló yẹ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọn orúkọ yẹn ti wá.

Galen, dókítà ará Pergamon tó tọ́jú àwọn ọba Róòmù ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, ló jẹ́ kí wọ́n lókìkí. Orí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Hippocrates, dókítà Gíríìkì àtijọ́, ló kọ́lé lé, pé omi mẹ́rin ló ń ṣàn lára ènìyàn: ẹ̀jẹ̀, òróòro, òróòro dúdú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ lára rẹ̀ ni sanguine, aláwàdà tó ń yá mọ́ni. Ẹni tí òróòro bá pọ̀ lára rẹ̀ ni choleric, onínú fùfù. Òróòro dúdú ni ti melancholic tó máa ń ronú ṣáá. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ni ti phlegmatic, ẹni jẹ́jẹ́ tí ara rẹ̀ kì í yá gágá. Òróòro dúdú yẹn kò tilẹ̀ sí lára ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà ti pa ẹ̀kọ́ náà tì tipẹ́tipẹ́, kò sì sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti máa wọn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ lónìí kí wọ́n tó sọ ẹni tí o lè fẹ́. Orúkọ wọn nìkan ló ṣẹ́kù, òun ló sì rìn títí tó fi dé kíláàsì yín.

N kò ní sọ pé òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Hans Eysenck, ọmọ Jámánì tó kúrò nílé nígbà ìjọba Násì tó sì di ìlú-mọ̀ọ́ká onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ní London, ṣàlàyé pé òṣùwọ̀n méjì péré ló wà lábẹ́ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èkíní ni bí ènìyàn ṣe ń yá mọ́ èrò tó. Èkejì ni bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń tètè dàrú tó. Ẹni tó ń yá mọ́ èrò tí ọkàn rẹ̀ sì ń tètè dàrú ni àwọn ará àtijọ́ pè ní choleric. Ẹni tó fẹ́ràn àdáwà tí ọkàn rẹ̀ sì ń tètè dàrú ni melancholic. O rí i báyìí? Bí a bá fi ojú Eysenck wò ó, ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ jọra ní apá kan, apá náà gan-an ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ẹni tó ń kọ́ yín rí ìyàtọ̀ níbi tí ìjọra wà.

Ìwé ìbéèrè yẹn pín gbogbo ẹ̀dá sí yàrá mẹ́rin. Ìwà kò rí bẹ́ẹ̀, bíi gíga ni ó rí. Bí o bá to àwọn ará Ìbàdàn sórí ìlà, o máa rí àwọn gàgàrà díẹ̀, o máa rí àwọn kúkúrú díẹ̀, àwọn tó wà láàárín ló máa pọ̀ jù. Ẹni tó gba máàkì 49 àti ẹni tó gba 51 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan náà, àmọ́ ìwé tó ń pín yàrá á mọ ògiri sáàárín wọn. Àléébù kan náà ló wà lára Myers-Briggs, ìdánwò ìwà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fẹ́ràn, èyí tí Katharine Briggs àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Isabel Myers, fà yọ láti inú èrò Carl Jung. Yàrá 16 ni tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn ní yàrá mìíràn.

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé atúmọ̀ èdè. Èrò wọn ni pé ìwà yòówù tó bá jẹ àwọn ènìyàn lógún nínú ìgbé ayé wọn, wọ́n á ti fún un lórúkọ. Ní 1936, Gordon Allport àti Henry Odbert jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tó nípọn, wọ́n sì ṣa 17,953 ọ̀rọ̀ jáde tí a lè fi ya ẹnì kan sọ́tọ̀ lára ẹlòmíràn. Nǹkan bí 4,500 nínú wọn ló ń sọ ìwà tó máa ń bá ènìyàn kalẹ́. Àwa náà lè ṣe irú rẹ̀: ọlọ́yàyà, onítìjú, onínú fùfù, onísùúrù, aláápọn, ọ̀lẹ, ahun, ọ̀làwọ́, ojo, olófòófó. Bí o bá pe ìyá àgbà kan sí i, ilẹ̀ á ṣú kó tó kà á tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìṣirò dé. Wọ́n á ní kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí díwọ̀n ara wọn tàbí àwọn tí wọ́n mọ̀, wọ́n á wá wo èyí tó máa ń bá èyí rìn. Bí ẹni tí wọ́n pè ní aláápọn bá sábà jẹ́ ẹni tí wọ́n tún pè ní elétò àti ẹni tó ń mú ìlérí ṣẹ, a jẹ́ pé orísun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń sun. Raymond Cattell, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, ka irú orísun bẹ́ẹ̀ dé 16. Ní 1961, Ernest Tupes àti Raymond Christal, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, tún ìṣirò náà ṣe lórí àwùjọ mélòó kan, márùn-ún ló sì ń jáde léraléra. Lewis Goldberg ló wá sọ wọ́n ní Big Five.

Jẹ́ kí n sọ márùn-ún náà bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Àwọn kan fẹ́ràn ohun tuntun, ìrìn àjò, àrà àti èrò tí wọn kò gbọ́ rí. Ní ti àwọn mìíràn, bí wọ́n ṣe bá a láyé ni kó ṣe wà. Àwọn kan létò, wọ́n ń kó ara wọn níjàánu, ohun tí wọ́n bá ní àwọn á ṣe lọ́la, ọ̀la náà ni wọ́n á ṣe é. Àwọn mìíràn, 'mò ń bọ̀' ni lójoojúmọ́. Ọ̀yàyà ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ni ìwà pẹ̀lẹ́, kí àánú ẹlòmíràn máa ṣe ènìyàn. Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí mo ti sọ lẹ́ẹ̀kan, bí ọkàn ṣe ń tètè dàrú tó, ìbínú, ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ ló sì ń gbé inú rẹ̀. Kì í ṣe eré orí ìwé lásán o. Ní 1921, Lewis Terman bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọdé tó lé ní 1,500 ní California. Nígbà tí Howard Friedman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sórí àkọsílẹ̀ wọn ní 1993, àwọn tó jẹ́ elétò nígbà èwe ló sábà pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ.

Má gbà pé Ọlọ́run ló kọ márùn-ún yẹn sójú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ 632 àwọn Tsimane tó ń ṣọ̀gbìn tí wọ́n sì ń ṣọdẹ nínú igbó Bolivia, kò jáde bẹ́ẹ̀. Ní South Africa, àwọn olùwádìí lọ bá àwọn tó ń sọ èdè ìjọba 11 níbi tí wọ́n wà, wọ́n ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣàpèjúwe àwọn tí wọ́n mọ̀. Nǹkan bí 50,000 gbólóhùn ni wọ́n kó jọ. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló dá lórí bí ènìyàn ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé: ẹni tó ń parí ìjà, ẹni tó ń tọ́ ọmọdé sọ́nà, ẹni tí kì í dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn wù mí ju ti Allport lọ. Ìwà tí a fi ń pe ènìyàn ní ọmọlúàbí kò lè wọ inú òṣùwọ̀n kan ṣoṣo nínú márùn-ún wọ̀nyẹn.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé, 'Ṣùgbọ́n mà, gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa melancholic ló bá mi mu.' Kò lè ṣàìbá ọ mu. Ní 1948, Bertram Forer fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 ní ìdánwò ìwà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó fún oníkálùkù ní èsì tirẹ̀, ó ní kí wọ́n fi máàkì láti 0 dé 5 sọ bó ṣe bá wọn mu tó. 4.26 ni àròpín wọn. Ẹ̀yìn náà ló tó tú àṣírí, pé èsì kan náà ló fún gbogbo wọn! Inú ìwé awòràwọ̀ kan tí wọ́n ń tà fún èrò ọjà ló ti ṣa ọ̀pọ̀ gbólóhùn rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn wọn, pé wọ́n máa ń fojú burúkú wo ara wọn, pé nígbà mìíràn ara wọn ń yá mọ́ èrò, nígbà mìíràn wọ́n ń fà sẹ́yìn. Ta ni kò ní sọ pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí? Àwọn tó ń ríran fún èrò lórí rédíò mọ iṣẹ́ yìí dunjú.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí ẹnu ẹni nìkan kì í fi í tó onímọ̀. Ní 2010, Simine Vazire fi hàn pé ohun kan wà tí ènìyàn mọ̀ nípa ara rẹ̀ ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, bí àníyàn tó ń jẹ ẹ́ nínú. Ohun mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ló mọ̀ ọ́n jù, pàápàá ohun tí ènìyàn lè fi yangàn, bí ọgbọ́n orí. Ọ̀yàyà ní tirẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Èyí tó kàn ọ́ jù nìyí. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, Lowell Kelly kó 300 àwọn àfẹ́sọ́nà jọ ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Kò jẹ́ kí wọ́n dá sọ ìwà ara wọn. Ó wá márùn-ún lára àwọn tó mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n bá òun díwọ̀n ìwà rẹ̀. Ó wá tẹ̀ lé àwọn ènìyàn náà títí wọ́n fi hewú. Méjìlélógún nínú wọn ló tú ká kí ìgbéyàwó tó wáyé; nínú 278 tó ṣègbéyàwó, 50 ló kọ ara wọn sílẹ̀. Ní 1987, òun àti James Conley tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ohun mẹ́ta ló ta yọ nínú ìwà tó ń sọ ibi tí ìgbéyàwó ń lọ: bí ọkàn ọkọ ṣe ń tètè dàrú, bí ọkàn ìyàwó ṣe ń tètè dàrú, àti bóyá ọkọ lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Wọ́n sì ti mọ gbogbo ìwọ̀nyí láti ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ kí wọ́n tó dé iwájú pẹpẹ.

Bí o bá béèrè lọ́wọ́ mi, ìwádìí tí alárinà ń ṣe láyé àtijọ́, tí wọ́n á rán ènìyàn lọ sí àdúgbò ọkọ láti béèrè bí ọmọ náà ṣe ń ṣe láàárín àwọn ará ilé rẹ̀, súnmọ́ iṣẹ́ Kelly ju ìwé ìbéèrè yín lọ. Bí ìwà ẹni méjì bá jọra ńkọ́, tàbí bí kò bá jọra? Portia Dyrenforth àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìyẹn wò ní 2010 láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọkọtaya ní Ọsirélíà, Bírítéènì àti Jámánì. Ìwà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé wá sínú ilé ṣe pàtàkì. Ìjọra ìwà wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan kún un. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbéèrè náà kò wá jẹ́ bóyá ẹ bá ara yín dọ́gba mọ́. Irú ẹni tí òun jẹ́ ni, àti irú ẹni tí ìwọ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ìbínú. Ní 1968, Walter Mischel ju òkúta sáàárín ọjà àwọn onímọ̀ ìwà: ó ní máàkì tí ènìyàn gbà nínú ìdánwò ìwà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tó máa ṣe ní ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ Seymour Epstein dá a lóhùn ní 1979 pé bí o bá kó ọ̀pọ̀ ọjọ́ pọ̀, tí o wo àròpín rẹ̀, ìwà á hàn gbangba. Nítorí náà, ọjọ́ kan ṣoṣo tó bínú kò tó láti dá a lẹ́jọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tó rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú àwọn òbí rẹ kò sì tó láti dá a láre. Mischel fúnra rẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Òun àti Yuichi Shoda pẹ̀lú Jack Wright tẹ̀ lé àwọn ọmọdé kan ní àgọ́ ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé ọmọ méjì lè máa jà ní ìwọ̀n kan náà kí ohun tó ń fa ìjà wọn yàtọ̀ pátápátá. Èyí ń bínú nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi í ṣẹ̀sín. Èyí ń bínú nígbà tí àgbà bá bá a wí. Bí ti oníkálùkù ṣe rí náà ni wọ́n ń bá a jálẹ̀ àkókò àgọ́ náà.

Ohun tí màá ní kí o ṣe pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà rẹ nìyẹn. Má béèrè bóyá ó ń bínú, béèrè ẹni tó ń bínú sí àti ìgbà tó ń bínú. Ṣé nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Iwo Road nìkan ni, tí ọlọ́kadà bá ha mọ́tò rẹ̀? Ta ni kì í bínú níbẹ̀? Àbí nígbà tí o bá sọ pé rárá ni? Ṣé ó ń bínú sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tàbí sí ọmọ iṣẹ́, sí ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún un ní búkà, sí àbúrò rẹ̀ obìnrin? Ẹni tó lè pa ìbínú mọ́ra níwájú ẹni tó jù ú lọ ti mọ bí a ṣe ń kó ara ẹni níjàánu. Àwọn tí kò lè bá a jà ni kì í lò ó fún. Ẹni méjì tí ìwé ìbéèrè pè ní choleric lè yàtọ̀ síra báyìí bí ọ̀sán àti òru.

Ní ti bóyá ìwà ń yí padà, apá kan rẹ̀ ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwà àwọn ènìyàn ló ti ọ̀dọ̀ òbí wá nípa àbùdá. Lára ìbejì ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ìbejì tó jáde láti inú ẹyin kan náà jọ ní gbogbo àbùdá wọn, àwọn tó jáde láti inú ẹyin méjì jọ ní ìdajì. Bí àwọn àkọ́kọ́ bá jọra níwà ju àwọn kejì lọ, a ti mọ ibi tó ti wá. Ní 1979 ni Thomas Bouchard ní Minnesota bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ìbejì tí wọ́n yà nípa kí wọ́n tó gbọ́n, tí wọ́n tọ́ ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìwà wọn sì jọra síbẹ̀síbẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé Minnesota ló gba òkìkí yìí nígbà tí Ìgbó-Ọrà wà nílẹ̀. Percy Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ka ìbejì wa, ó sì rí i pé ẹlẹ́yin méjì ló mú kí tiwa pọ̀ ju ti gbogbo ayé lọ. Ìwọ̀n àwọn ẹlẹ́yin kan láàárín wa kò ju ti ibòmíràn.

Ìdajì tó ṣẹ́kù, ayé ló ń mọ ọ́n. Ní 2006, Brent Roberts àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì àwùjọ ènìyàn 92 jọ tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín ọdún 20 sí 40, àwọn ènìyàn sábà máa ń di elétò sí i, ọkàn wọn sì ń balẹ̀ sí i. Ọjọ́ orí yín náà nìyẹn, nítorí náà àyè wà. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí Nathan Hudson rí ní 2019: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn ń fẹ́ kí ìwà wọn yí padà kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kékeré tí wọ́n yàn fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìwà wọn yí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ni ìwà ló ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ẹ. Bí ọkùnrin náà bá gbà pé ìbínú òun jẹ́ ìṣòro, tó sì ti ń ṣe nǹkan kan sí i kí ẹ tó ṣègbéyàwó, àmì gidi nìyẹn. Bó bá ní 'bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, choleric ni mí', ìwé ìbéèrè yín ti fún un ní àwáwí.

Bó bá ti gbá ọ létí rí, tàbí tó halẹ̀ pé òun á gbá ọ, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Sọ fún àwọn ẹbí rẹ báyìí, má dúró de kíláàsì tó ń bọ̀.

Bí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, mú ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó ti bá a gbé pẹ́, ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí o bi wọ́n bó ṣe ń ṣe nígbà tí nǹkan bá dojú rú fún un. Kí o sì jẹ́ kí òun náà bi àwọn ọ̀rẹ́ tìrẹ. Nínú iṣẹ́ Kelly, ọkàn ìyàwó tó ń tètè dàrú wà lára ohun tó ń tú ilé ká, ìwọ náà sì ti sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti pe orúkọ kan mọ́ ọ, o ò tíì fọkàn balẹ̀.